Ẹyọ Mẹ́jọ Péré: Ìtàn Ìwọ̀n Ọ̀rọ̀ Aṣínà

Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì. Kì í ṣe pé kò rí owó san, kì í sì í ṣe pé dátà tán lórí fóònù rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú áàpù tó máa ń bá ènìyàn ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ aṣínà, tó sì máa ń bá a tọ́jú rẹ̀. Áàpù náà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ẹyọ 24 fún un, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí tó wà lórí pọ́tàlì, pọ́tàlì sì ní ó ti yọrí. Nígbà tó fẹ́ padà wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pọ́tàlì ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò tọ̀nà. Ó tún un ṣe, wọ́n ní kò tọ̀nà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ilẹ̀kùn tì pátápátá, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì kù kí ìforúkọsílẹ̀ parí.

Ọjọ́ méjì ló fi tò sórí ìlà níwájú ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó pọ́tàlì. Wọ́n ṣí i fún un, ó tún tì. Ẹ̀gbọ́n kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló wá sọ fún un pé kó pa ẹyọ 9 tó kẹ́yìn rẹ́, kó fi ẹyọ 15 àkọ́kọ́ nìkan dán an wò. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Àpótí tí a fi ń ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ti gé ọ̀rọ̀ náà sí 15 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àpótí tí a fi ń wọlé kò gé e ní tirẹ̀. Ohun tí pọ́tàlì mọ̀ kúrú, ohun tí áàpù rántí gùn, àwọn méjèèjì kò sì lè bára mu láéláé. Áàpù kò purọ́, ọ̀rẹ́ wa náà kò gbàgbé nǹkan kan, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń bi léèrè ní ọ́fíìsì pé, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé o ò gbàgbé páswọ́ọ̀dù ẹ?"

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. A kì í ṣe àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí mú wa wo ẹ̀yìn. Ta ló kọ́kọ́ ní kí ọ̀rọ̀ aṣínà ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá? Kí nìdí rẹ̀? Ṣé ìdí náà ṣì wà? Ohun tí a rí ni pé òfin kọ̀ọ̀kan ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ìdí yẹn ló ti kú tipẹ́. Òfin náà ló ṣì wà láàyè.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì. "Aṣínà" tí a ń lò níbí ni ohun tó ń ṣí ọ̀nà. Bí ẹ bá sọ ohùn òkè tó wà láàárín rẹ̀ di ohùn ìsàlẹ̀, ó di "aṣìnà", ìyẹn ẹni tó sọ ọ̀nà nù. Ẹ fi ìyàtọ̀ kékeré yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀. "Ẹyọ" ni a ó máa pe lẹ́tà, nọ́ńbà tàbí àmì kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá tẹ̀.

Orin Ajá

Gbogbo wa la mọ àlọ́ Ajá tó gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ojú ọ̀run nígbà ìyàn. Orin ni Ajá fi ń pe ìyá náà kó lè ju okùn sílẹ̀. Ìyá kì í wo ojú ẹni tó ń kọrin. Orin ló ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá fi rí ọ̀nà gbà nígbà tó jí orin náà kọ́. Iṣẹ́ tí orin yẹn ń ṣe gan-an ni ọ̀rọ̀ aṣínà ń ṣe. Kọ̀ǹpútà kò mọ ojú wa, ohun tí a bá tẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ aṣínà ti kọ́kọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ètò kan tí wọ́n pè ní CTSS hàn fún aráyé. CTSS jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè lo kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo pa pọ̀, kí olúkúlùkù sì jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀. Ilé tó bá ti di ilé àjọgbé, yàrá kọ̀ọ̀kan yóò nílò kọ́kọ́rọ́. Fáìlì Táyé kò gbọdọ̀ di ohun tí Kẹ́hìndé ń ṣí wò, nítorí náà wọ́n fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ aṣínà.

Kò pé ọdún kan tí Ìjàpá fi dé. Akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa ni, Allan Scherr lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́. Wákàtí 4 ni wọ́n ń fún un lọ́sẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, kò sì tó o. Ó mọ orúkọ fáìlì tí ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ènìyàn wà. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní ọdún 1962, ó fi káàdì oníhò béèrè pé kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì náà sórí ìwé. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ gbé e. Wákàtí àwọn ẹlòmíì di tirẹ̀.

Ní ọdún 1966, nǹkan tún burú sí i, láìsí pé ẹnikẹ́ni jalè. Àṣìṣe kan mú kí fáìlì ọ̀rọ̀ aṣínà àti fáìlì ìkíni tí ẹ̀rọ máa ń fi hàn ẹni tó bá wọlé gba ipò ara wọn. Ẹni tó bá wọlé lọ́jọ́ yẹn, dípò kó rí ìkíni, ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ará ilé ló rí. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, gígùn ọ̀rọ̀ aṣínà kò ní nǹkan kan ṣe. Ìbáà gùn bí òpó, ìhòòhò ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Ata lílọ̀ àti nọ́ńbà 56

Robert Morris àti Ken Thompson ní Bell Labs, níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀dá Unix, ló wá fún ìṣòro yìí ní ojútùú tí ọ̀pọ̀ ayé tẹ̀ lé. Èrò tí wọ́n gùn lé ni pé kí ẹ̀rọ má ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà fúnra rẹ̀ rárá. Kí ó lọ̀ ọ́, kó sì tọ́jú ohun tó lọ̀. Ẹni tó bá rí ata lílọ̀ nínú abọ́ kò lè kó o padà di ẹyọ ata rodo. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé irú ata kan náà wá, tí o lọ̀ ọ́ lórí ọlọ kan náà, ohun kan náà ni yóò jáde. Bí ẹ̀rọ ṣe ń yẹ̀ wá wò nìyẹn. Ó tún lọ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, ó fi wé èyí tó wà nínú abọ́. Wọ́n tún ń bu ohun tí àwọn fúnra wọn pè ní iyọ̀ sí i, oríṣi 4,096, kí ọ̀rọ̀ aṣínà ènìyàn méjì tó bá jọra má baà jọra nínú abọ́.

Ọlọ tí wọ́n lò ni ìṣòro wa. DES ni wọ́n ń pè é, ìjọba Amẹ́ríkà sì ti fi ṣe ìlànà fún fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ láti ọdún 1977. DES ń béèrè kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ bíìtì 56, kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ayé ìgbà yẹn, bíìtì 7 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 7 lọ́nà 8 jẹ́ 56. Ẹyọ 8 kún inú ọlọ náà dẹ́múdẹ́mú. Ẹyọ kẹsàn-án kò ríbi jókòó, wọ́n sì ń dà á nù láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi "adiyeirana" ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà lórí Unix yẹn, "adiyeira" nìkan ló ní. Bí ẹlòmíì bá tẹ "adiyeirako", ilẹ̀kùn á ṣí fún un. Àfi bíi pé ìyá Ajá ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin, ó wá ń di etí sí ìparí rẹ̀.

Ṣé wọ́n gọ̀ ni? Rárá. Nínú àpilẹ̀kọ tí Morris àti Thompson gbé jáde ní 1979, wọ́n sọ pé àwọn kó ọ̀rọ̀ aṣínà 3,289 jọ lọ́wọ́ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ wọn. 15 nínú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. 72 jẹ́ ẹyọ méjì, 464 jẹ́ ẹyọ mẹ́ta. Lápapọ̀, ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ló kúrú jù tàbí tó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè àti àkójọ orúkọ. Níbi tí ènìyàn ti ń fi ẹyọ kan ti ilẹ̀kùn, ta ni yóò ronú pé ẹyọ 8 kò ní tó? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ken Thompson fúnra rẹ̀ kò fi àyè ṣòfò. Fáìlì ọ̀rọ̀ aṣínà lílọ̀ láti inú Unix àtijọ́ kan wà nípamọ́ fún gbogbo ayé láti rí, ti Thompson sì wà nínú rẹ̀. Ní 2019, lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún, wọ́n fi kọ̀ǹpútà òde òní dán oríṣiríṣi wò títí wọ́n fi rí i: p/q2-q4!. Ìṣísẹ̀ kan nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì ni, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ láyé àtijọ́. Ẹ kà á: ẹyọ 8 gééré. Ọ̀rọ̀ tó dára tó báyìí, tó ní lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì, ẹ̀rọ òde òní rí i ní ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀. Ohun tó tó nígbà náà kò tó mọ́.

Àpò méjì ẹlẹ́yọ méje

Nígbà tí ọdún 1980 síwájú ń parí lọ, Microsoft náà ṣe ètò LAN Manager fún àwọn kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀. Ibẹ̀ ni ẹyọ 14 ti wá. Tí ẹ bá gbọ́ 14, ẹ ó rò pé ó sàn ju 8 lọ. Ẹ dúró ná. DES yẹn náà ni wọ́n lò. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì 8, nítorí náà 7 péré ló lè wọ inú ọlọ kan: 8 lọ́nà 7, ó tún jẹ́ 56. Kí ó lè gùn ju ìyẹn lọ, wọ́n gé ọ̀rọ̀ aṣínà sí méjì, ẹyọ 7 níbí, ẹyọ 7 lọ́hùn-ún, wọ́n sì lọ apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Wọ́n tún sọ gbogbo lẹ́tà kékeré di ńlá kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, wọn kò sì bu iyọ̀ kankan sí i.

Olè kò ní láti wá ẹyọ 14 mọ́. Yóò wá 7 àkọ́kọ́, yóò wá 7 kejì, iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó bá sì ní ẹyọ 8, apá kejì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tí olè lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Títí di ìgbà tí Windows Vista dé ní 2007 ni Windows fi ń tọ́jú irú ọ̀rọ̀ lílọ̀ yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé kó ṣe é. Nọ́ńbà kan tí wọ́n yàn fún DES ní 1977, òun ló ṣì ń pàṣẹ fún ilẹ̀kùn àwọn ènìyàn tí wọn kò gbọ́ orúkọ DES rí.

Ìgbà tí iṣẹ́ rírántí bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn

Ohun kan wà tó ń dín ọ̀rọ̀ aṣínà kù tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ: ọpọlọ wa. Ta ló lè rántí ọ̀rọ̀ ẹyọ 24 tí kò ní ìtumọ̀, kó sì ní irú rẹ̀ ogójì? Ní 1997, Bruce Schneier gbé ètò kan jáde tó pè ní Password Safe. Ènìyàn yóò kó gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú àpótí kan, yóò sì rántí kọ́kọ́rọ́ àpótí náà nìkan. KeePass tẹ̀ lé e ní 2003, 1Password ní 2006. Láti ìgbà yẹn, ènìyàn kò ní láti mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ara rẹ̀ mọ́. Ó lè gùn tó bó ti wù ú.

Àmọ́ àwọn ilẹ̀kùn kò yí padà. Èyí ní ẹyọ 12 ni òpin, tọ̀hún ní 16. Ìkẹta ní a kò gbọdọ̀ lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ inú àpótí òun, àfi ká máa tẹ̀ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ààbò ni. Ẹni tí ìyẹn ń dí lọ́wọ́ jù ni ẹni tó ń lo áàpù, ìyẹn ẹni tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ le jù lọ. Bí wọ́n bá ti dí i lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣe? Yóò padà sí orúkọ rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí i.

Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ata tí a bá fi àwọn ọlọ òde òní lọ̀ máa ń wá ní ìwọ̀n kan náà. Ọ̀rọ̀ ẹyọ 6 àti ọ̀rọ̀ ẹyọ 60, abọ́ kan náà ni wọ́n ń kún. Nítorí náà, bí pọ́tàlì kan bá ní àyè kò gba ju 12 lọ, ó yẹ ká bi í léèrè pé, "Àyè ibo?" Ó lè jẹ́ pé àṣà àtijọ́ ló ń tẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ àtijọ́ kan ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ó lè má lọ nǹkan kan, kó jẹ́ pé bó ṣe gbà á ló ṣe gbé e sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, olè wọ ilé-iṣẹ́ RockYou ní Amẹ́ríkà, ó sì kó ọ̀rọ̀ aṣínà tó lé ní mílíọ̀nù 32, gbogbo rẹ̀ ní ìhòòhò bíi ti MIT lọ́dún 1966. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni 123456.

Báìtì 72

A kò ní sọ pé gbogbo òpin ló burú. Ní 1999, Niels Provos àti David Mazières gbé ọlọ tuntun kan jáde, bcrypt lorúkọ rẹ̀. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ó ń fi ìfarabalẹ̀ lọ nǹkan, a sì lè mú kó túbọ̀ falẹ̀ bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń yára sí i. Olè tó fẹ́ dán mílíọ̀nù ọ̀rọ̀ wò yóò pẹ́ níbẹ̀. Títí di òní, bcrypt wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí à ń wọ̀.

Òun náà ní òpin tirẹ̀. Inú Blowfish, èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ, ní àyè 18, àyè kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì 4. 4 lọ́nà 18 jẹ́ 72. Ohun tó bá kọjá báìtì 72, bcrypt kì í wò ó. Fún ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, báìtì kan ni ẹyọ kan, 72 sì pọ̀ dáadáa. Ewu rẹ̀ wà níbi tí ẹni tó ń kọ ètò bá gbàgbé pé òpin náà wà. Ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Okta kéde pé àwọn ti tún àṣìṣe kan ṣe. Wọ́n ti ń so nọ́ńbà ìdánimọ̀, orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ènìyàn pọ̀, wọ́n ń fi bcrypt lọ̀ ọ́. Bí orúkọ ẹni náà bá tó ẹyọ 52 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, báìtì 72 ti kún kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ aṣínà. Nínú àwọn ipò kan, ènìyàn lè wọlé láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ tọ̀nà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹyọ kẹsàn-án lórí Unix ní 1979 ló tún ṣẹlẹ̀ ní 2024.

Àwọn tó ṣe òfin yí ohùn padà

Ní Amẹ́ríkà, àjọ NIST ló ń kọ ìlànà lórí ọ̀rọ̀ báyìí. Bill Burr ló kọ àfikún kan sínú ìwé wọn tó jáde ní 2004, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti kọ́ pé kí a máa fi lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì sí i, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ní 2017, Burr tó ti fẹ̀yìn tì sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ.

Ọdún yẹn kan náà ni NIST gbé ìlànà tuntun jáde. Ó ní kí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yàn má dín ní ẹyọ 8. Ó ní kí ilẹ̀kùn máa gbà tó ẹyọ 64 ó kéré tán. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn lẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ inú àpótí, kí áàpù lè ṣiṣẹ́. Ó sì ní wọn kò gbọdọ̀ gé ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnikẹ́ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ NCSC náà bẹ̀bẹ̀ ní 2017 pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa lẹ̀ ẹ́. Bí a bá fi ìlànà yìí wọn pọ́tàlì tó gé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wa, ó kùnà lẹ́ẹ̀mejì: òpin rẹ̀ kúrú, ó sì gé ọ̀rọ̀ láìsọ.

Àmì ohùn wa ńkọ́?

Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kò lè parí ìtàn yìí láìbéèrè ọ̀rọ̀ tiwa. Ṣé a lè fi Yorùbá tó péye, tó ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà?

Ken Thompson yẹn náà la tún bá pàdé níbí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, òun àti Rob Pike jókòó nílé oúnjẹ kan ní New Jersey, wọ́n sì gbé UTF-8 kalẹ̀, ìyẹn ìlànà tí ọ̀pọ̀ jù lọ íntánẹ́ẹ̀tì fi ń kọ gbogbo èdè ayé lónìí. Ẹni tó bá wa dé ẹyọ 8 mọ́lé ló tún bá wa ṣí ọ̀nà fún "ọ́". Ṣùgbọ́n nínú UTF-8, "o" jẹ́ báìtì 1, "ó" jẹ́ 2, "ọ" jẹ́ 3, "ọ́" sì jẹ́ 5.

A gbé gbólóhùn kan kalẹ̀ láti dán an wò: "ọ̀pọ̀lọ́ wọ ṣòkòtò lọ sọ́jà lọ́jọ́ ọjọ́bọ̀". Ní ojú, ẹyọ 34 ni, pẹ̀lú àlàfo rẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì kankan, báìtì 34 ni. Bí a bá kọ ọ́ bó ṣe yẹ, báìtì 78 ni. Ó ti kọjá 72. A fi bcrypt tó máa ń gé ọ̀rọ̀ láìsọ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà ọ̀kan nínú wa. "Bọ̀" tó kẹ́yìn já bọ́. "Ọ̀pọ̀lọ́ wọ ṣòkòtò lọ sọ́jà lọ́jọ́ ọjọ́" nìkan ṣí ilẹ̀kùn náà, bí a tilẹ̀ fi "ajé" parí rẹ̀, ó ṣì ṣí i. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ẹyọ 34 kò ní rí irú èyí rárá.

Wàhálà kejì rèé. "Ọ́" kan ṣoṣo, ọ̀nà tí a lè gbà tẹ̀ ẹ́ ju ẹyọ kan lọ. A lè tẹ "ọ" ká tó fi àmì ohùn lé e, a lè tẹ "ó" ká tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, a sì lè tẹ "o" lásán ká wá fi àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú wa, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ẹ̀rọ tí kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan, ata ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lórí fóònù lè dé orí kọ̀ǹpútà alágbèéká, kó tẹ ohun kan náà gan-an, kí ilẹ̀kùn sì kọ̀ ọ́. Aṣínà rẹ̀ ti di aṣìnà láìjẹ́ pé ó ṣi ohùn kankan kọ. Ìlànà NIST ti 2017 mọ̀ nípa èyí. Ó ní kí wọ́n gba lẹ́tà gbogbo èdè, kí wọ́n ka ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹyọ kan, kí wọ́n sì sọ oríṣiríṣi ọ̀nà títẹ̀ di ọ̀kan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí a dán wò kò tilẹ̀ jẹ́ kí "ọ" wọlé rárá.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Àwọn tó ń kọ pọ́tàlì kì í ṣe àjèjì. Ẹlẹgbẹ́ wa ni wọ́n, wọ́n wà ní ẹ̀ka kejì, a jọ ń jẹun ní búkà kan náà ni. Ohun mẹ́ta la bẹ̀ wọ́n. Bí òpin bá gbọdọ̀ wà, ẹ kọ ọ́ sójú ibi tí a ti lè rí i. Ẹ má ṣe gé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìsọ fún un. Ẹ kọ̀ ọ́ ní gbangba, kó lè yan òmíràn. Ẹ sì jẹ́ kí àpótí tí a fi ń ṣe ọ̀rọ̀ tuntun àti èyí tí a fi ń wọlé ní ìwọ̀n kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo áàpù, bí ilẹ̀kùn bá ti kọ̀ yín lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ má tíì gbà pé ẹ̀yin lẹ gbàgbé. Ẹ fi ẹyọ 8 àkọ́kọ́ dán an wò, lẹ́yìn náà 12, 15, 16 àti 20. Àmọ́ ẹ rọra, kí ẹ má baà tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi tì pa. Bí ọ̀kan bá ṣí, ẹ tètè ṣe ọ̀rọ̀ tuntun tí kò kọjá ìwọ̀n yẹn.

Ọ̀rẹ́ wa forúkọ sílẹ̀ nígbà tó ku wákàtí mẹ́rin. Kọ́ọ̀sì tó fẹ́ jù, àyè ti kún níbẹ̀. Ó ní òun yóò ṣe é ní ọdún tó ń bọ̀.